Ẹ Jẹ́ Kí Apá Àwọn Ọmọ Sinmi: Ọ̀rọ̀ fún Òbí àti Òmùwẹ̀ Kí Ìdíje Tó Dé

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ kú gósìlóò. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti Ìkòròdú wá, àwọn kan sì ti kúrò níbi iṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó láti aago mẹ́ta kí wọ́n lè gba orí bíríìjì Third Mainland kọjá kí ọkọ̀ tó há. Ẹ ṣeun tí ẹ wá bá wa ní Yábàá. N kò ní pẹ́ nídìí ìkíni, torí pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, a wọ omi ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Nígbà tó di aago mẹ́fà ààbọ̀, mo ní kí gbogbo ọmọ jáde. Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kò lọ wọṣọ. Ó jókòó sétí púùlù, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi, ó ń ta wọ́n díẹ̀díẹ̀, gọ́gùùsù rẹ̀ ṣì wà níwájú orí. Ó ní, "Àǹtí Kóòṣì, ó ti tán?" Mo ní ó ti tán. Ó wo aago ara ògiri, ó wo omi, ó wá wo ojú mi. Ó ní, "Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Ọmọ náà rò pé mò ń fìyà jẹ òun. Oṣù mẹ́rin ló fi ń lúwẹ̀ẹ́ mítà 5,000 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ọjọ́ tí mo wá ní kó ṣe 2,500 kó máa lọ sílé, ẹ̀rù bà á. Kò tíì tó wákàtí méjì lẹ́yìn náà tí ìyá ọmọ mìíràn fi pè mí lórí fóònù: "Kóòṣì, owó oṣù yìí, mo san án pé o. Kí ló dé tí ọmọ mi ń tètè délé?" N kò bínú sí i. Ẹni tó ń ra epo sọ́kọ̀ ní iye tí wọ́n ń tà á báyìí, tó ń gbé ọmọ lọ tó ń gbé e bọ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí owó òun ń ṣe. Ìdáhùn rẹ̀ ni mo gbé wá lónìí.

Ìdíje wa ku ọjọ́ méjìlá. Láti ìsinsìnyí lọ, a ó máa dín ohun tí àwọn ọmọ ń lúwẹ̀ẹ́ kù. Àwọn kóòṣì ń pè é ní tépà. Iṣẹ́ ni tépà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, òun ló ṣòro jù nínú gbogbo iṣẹ́ tí à ń ṣe lọ́dún, torí pé ọkàn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ìkánjú ni wọ́n fi wẹ̀ wá ní Èkó níbí. Ẹni tí kò bá tíì jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ti pẹ́. Ẹni tó bá jókòó, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Bí ọmọ bá ń sinmi, ara òbí kì í lélẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ kan tí àwọn ìyá wa mọ̀ dáadáa. Bí aláró bá ki aṣọ bọ ìkòkò aró, tó fà á yọ, àwọ̀ bí ewé ló máa ń ní lákọ̀ọ́kọ́. Ìgbà tó bá sá a, tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ló tó di aró. Ẹ bi wọ́n ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta: aláró tí kò bá jẹ́ kí atẹ́gùn kan aṣọ kó tó tún ki aṣọ náà bọ ìkòkò, aró ló ń fi ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ ni ara ọmọ rí. Inú omi ló ti ń gba iṣẹ́, ìta ni iṣẹ́ náà ti ń mú un lára.

Bí ọmọ bá lúwẹ̀ẹ́ mítà 5,000, àwọn fọ́nrán iṣan apá àti èjìká rẹ̀ máa ń ya wẹ́wẹ́, ní ìwọ̀n tí ojú kò lè rí. Ṣúgà tí ara tọ́jú sínú iṣan, èyí tí wọ́n ń pè ní glycogen, á lọ sílẹ̀. Kí ara tó tún gbogbo rẹ̀ ṣe tán, ilẹ̀ ti mọ́, ọmọ ti tún wọ omi. Oṣù mẹ́rin la fi ṣe bẹ́ẹ̀, a sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, torí pé iṣẹ́ àṣekára yẹn ló ń sọ fún ara pé ilé tó wà nílẹ̀ kò tó, kó kọ́ èyí tó lágbára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bírikìlà nílò àyè. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àárẹ̀ máa ń tètè kúrò lára ju agbára lọ. Bí a bá dín iṣẹ́ kù fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, àárẹ̀ á ti lọ, agbára á ṣì wà níbẹ̀. Àlàfo kékeré yẹn la fẹ́ kí ìdíje bọ́ sí.

Kì í ṣe àná ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí. Ní Ọsirélíà, ó lé ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, kóòṣì Forbes Carlile àti ọ̀jọ̀gbọ́n Frank Cotton wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i pé àwọn òmùwẹ̀ ń yára sí i bí wọ́n bá dín iṣẹ́ wọn kù kí ìdíje tó dé. Ní 1985, David Costill, onímọ̀ nípa eré ìdárayá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà dán an wò lára òmùwẹ̀ 17. Wọ́n dín ohun tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ lójúmọ́ kù láti nǹkan bíi mítà 9,000 sí nǹkan bíi 3,000, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Agbára apá wọn fi ohun tó lé ní 17 nínú 100 pọ̀ sí i, eré wọn sì fi nǹkan bíi 3 nínú 100 yá sí i. Nígbà tí wọ́n ń múra Òlíńpíìkì Sydney ti ọdún 2000, Iñigo Mujika, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa eré ìdárayá, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wo eré àwọn òmùwẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn. Bí a bá pín in dọ́gba, ó fi nǹkan bíi 2 nínú 100 yá sí i.

Bàbá kan á ní, kí ni 2 nínú 100? Ọmọ tó ń fi ìṣẹ́jú 1 lúwẹ̀ẹ́ mítà 100, èyí á bá a yọ ìṣẹ́jú-àáyá 1 àti díẹ̀ kúrò. Ní Sydney yẹn kan náà, nínú mítà 50 fíríìsítáìlì àwọn ọkùnrin, Anthony Ervin àti Gary Hall fọwọ́ kan ògiri lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣẹ́jú-àáyá 21.98, wọ́n sì jọ gba wúrà. Ẹni tó ṣe ìkẹta, Pieter van den Hoogenband, ṣe 22.03. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, iye tó ya ọkùnrin náà kúrò nídìí wúrà ti kọjá lọ.

Ó wá ku ohun tí à ń dín àti ohun tí a kì í dín, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Gígùn là ń dín. Àwọn ọmọ ńlá wa ń ṣe mítà 30,000 lọ́sẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí wọ́n á ṣe nǹkan bíi 20,000, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ 12,000, lọ́jọ́ tó ṣáájú ìdíje kò ní ju 1,500 lọ. Ṣùgbọ́n eré kò ní dín. Lójoojúmọ́ ni màá máa fún wọn ní mítà 25 bíi mẹ́rin tàbí mẹ́fà, kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ṣe é lọ́jọ́ ìdíje gan-an, kí wọ́n sì sinmi ìṣẹ́jú méjì gbáko láàárín. Ọmọ tó bá ń fi ọ̀sẹ̀ méjì yìí rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ nínú omi, tó ní tépà lòun ń ṣe, ó ń kọ́ ara rẹ̀ ní ìlọ́ra. Iye ọjọ́ tí à ń wọ omi lọ́sẹ̀, a kò ní dín in ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó bá fi omi sílẹ̀ pátápátá, agbára apá lè ṣì wà lára rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ á gbàgbé omi. Ẹ̀yin ọmọ mọ ohun tí mò ń wí: ọjọ́ tí ẹ bá na ọwọ́ tí omi kò dúró fún yín láti fà, tó ń yọ́ láàárín ìka bí ọbẹ̀ ilá. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ tó gbàgbé omi ṣe ń rí.

Ẹ má sì fi tépà ẹ̀gbọ́n ṣe ti àbúrò. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá, mọ́kànlá, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin ti tó wọn. Ara wọn máa ń tètè bọ̀ sípò. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí iṣan wọn ti ki, tó jẹ́ mítà 50 ni tiwọn, àwọn ló nílò ìsinmi tó gùn jù. Ẹni tó ń ṣe mítà 800 kò ní fẹ́ kí n dín tirẹ̀ kù tó bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ló sọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fún mi létí dáadáa níbí, torí pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ló ń da ọ̀pọ̀ òmùwẹ̀ rú. Bí ọ̀la tàbí ọ̀túnla, apá yín lè wúwo. Ẹ ó rò pé ìsinmi yẹ kó mú ara fúyẹ́, ẹ ó sì bá a pé ẹsẹ̀ yín dà bí ẹni gbé kẹ́ẹ̀gì omi kọ́ ọ. Ṣúgà iṣan tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló ń padà kún. Gíráàmù kan rẹ̀ máa ń fa nǹkan bíi gíráàmù omi mẹ́ta mọ́ra, ìyẹn ni ẹ fi lè tẹ̀wọ̀n sí i díẹ̀. Oúnjẹ ìdíje yín ni ara ń kó pamọ́. Ọ̀fun ẹlòmíràn á máa ṣe é bíi pé ó fẹ́ wúkọ́. Orúnkún tí kò dun ẹnikẹ́ni láti ọdún tó kọjá á dédé máa dunni. Oorun á nira, torí ẹni tó ti ń sùn bí òkúta látàrí àárẹ̀ kò rí àárẹ̀ náà mọ́. Ẹ ó máa bínú sí àbúrò yín lórí ohun tí kò tó nǹkan. Gbogbo èyí ni mo ti rí lára àwọn ọmọ tó padà lọ ṣe eré tó dára jù láyé wọn. Bí ibà bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, tí ara gbóná, ẹ sọ fún òbí yín kíá, ẹ má fi tépà bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ní Sùúrùlérè, kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi. Kóòṣì mi kàn ní kí n dín in kù ni. Ní ọjọ́ kẹta, apá mi wúwo, ẹ̀rù bà mí, mo ní gbogbo ohun tí mo ti kó jọ ló ń jò dànù. Mo bá ń lọ sí púùlù mìíràn láṣàálẹ́, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mítà 3,000, ọjọ́ márùn-ún léraléra. Ìyá mi rò pé ẹ̀kọ́ àfikún ni mò ń lọ. Lọ́jọ́ ìdíje, mítà 200 ni tèmi. Mítà 100 àkọ́kọ́ dára, mo wà níwájú. Nígbà tí mo ta ògiri lẹ́yìn 150, mo na ọwọ́ ọ̀tún, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Apá mi rí bí aṣọ òfì tí omi mu. Mo ń rí ẹsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin tó ń kọjá mi nínú omi, ẹsẹ̀ funfun fún ìfófòó, ìkan, èkejì, ìkẹta. Ìkarùn-ún ni mo ṣe. Kóòṣì mi kò bá mi jà. Ó jókòó tì mí, ó fún mi ní táwẹ̀ẹ̀lì, ó bi mí pé, "Níbo lo ti ń lọ lúwẹ̀ẹ́?" Mo jẹ́wọ́. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí. Àgbò tó ń fẹ̀yìn rìn lọ mú agbára wá, o lọ tì í nídìí."

Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ mi. Bí ọmọ kò bá mọ ìdí tí a fi ní kó sinmi, yóò jí iṣẹ́ ṣe bí ẹlòmíràn ṣe ń jí ẹran jẹ.

Bí ẹ̀rù bá bà yín lóru, ẹ ṣí ìwé yín. Ìwé tí mo ní kí gbogbo yín máa kọ iye mítà sí, ìwúlò rẹ̀ dé báyìí. Ọmọbìnrin kan ṣe é níwájú mi lánàá, ó fi bírò ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì bó ti ń rò ó pọ̀. Ọ̀sẹ̀ 16, mítà 30,000 lọ́sẹ̀: 480,000. Kìlómítà 480. Mo ní kó fojú inú wò ó pé ó lúwẹ̀ẹ́ láti Èkó dé Ìbàdàn, ó bọ̀, ó tún lọ, ó sì ti ń bọ̀ lọ́nà, ó kù díẹ̀ kó délé. Ó pa ìwé náà dé, ó gbé e mọ́yà. Ẹnikẹ́ni kò lè jí ìyẹn gbà láàárín ọjọ́ méjìlá.

Ẹ̀yin òbí, ilé ló kàn. Bí ọmọ bá ń tètè délé, ẹ má wá iṣẹ́ mìíràn fún un. Mo mọ̀ pé omi wà láti pọn, mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù wà láti bá yín dúró tì. Ọ̀sẹ̀ méjì yìí nìkan ni mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 gun àtẹ̀gùn, kó má sì gbá bọ́ọ̀lù àdúgbò. Èjìká tó bá fà lónìí kò ní bọ̀ sípò kí ìdíje tó dé. Òwàḿbẹ̀ ọjọ́ Sátidé, ẹ fi í sílé. Ijó tí wọ́n ń jó di òru, ìdúró ni, ariwo ni, oorun kò sì sí níbẹ̀. Oorun ṣe pàtàkì ju ohunkóhun tí mo lè fún un nínú omi lọ báyìí. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń pariwo, ẹ bá mi wá yàrá tó jìnnà sí i fún un, kí ẹ ta àwọ̀n ẹ̀fọn. Kó mú fóònù jáde ní yàrá kí ó tó dùbúlẹ̀.

Oúnjẹ kò le. Ohun tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni kó máa jẹ, kí òkèlè dín díẹ̀ torí iṣẹ́ ti dín, ṣùgbọ́n ẹ má fi ebi pa á. Ìrẹsì, iṣu, àmàlà, ẹ̀wà, ẹja, gbogbo wọn dára. Àwọn ìyá kan máa ń fẹ́ fi ìfẹ́ hàn ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje, wọ́n á ra súyà aláta, wọ́n á ra ohun tí ọmọ kò jẹ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í di alẹ́ ọjọ́ kejì. Àgbo tàbí oògùn agbára tí ẹnikẹ́ni bá gbé wá, ẹ má fún un láìsọ fún mi.

Títí di ìsinsìnyí, ìdínkù tí a fọwọ́ ara wa yàn ni mò ń sọ. Ṣùgbọ́n Èkó la wà. Mọ́tò tó ń fa omi púùlù lè jó, dísẹ́lì lè wọ́n kọjá agbára ẹni tó ni ín, omi lè di àwọ̀ ewé kí kẹ́míkà tó dé. Ìdánwò WAEC lè gba ọmọ lọ́wọ́ mi fún oṣù kan gbáko. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa, ìbànújẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kékeré, torí pé òmùwẹ̀ kì í rí ibòmíràn sá eré rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn ni púùlù tì, ẹ má sunkún. Tépà tó tètè dé ni. Ẹ bá mi wá ibikíbi tí omi wà, bó jẹ́ púùlù mítà 20 ti ilé ìtura, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ọwọ́ má baà gbàgbé. Nílé, a máa ń gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, a so ó mọ́ irin fèrèsé, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ síwájú, á fi ọwọ́ méjèèjì fà á wá sí ẹ̀gbẹ́ itan bí ẹni ń fa omi, ìgbà ogún, kó sinmi, kó tún ṣe é. Ẹ má mú ọmọ kankan lọ sí ọ̀sà o. Ẹ rí àwọn ọmọ Màkókó tí ń wa ọkọ̀ bí ẹni ń rìn, orí omi yẹn ni wọ́n bí wọn sí. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ.

Bí púùlù bá wá ṣí padà ní ọjọ́ mẹ́rin sí ìdíje, ẹ má ṣe jẹ́ kí n tan ara mi, ẹ má sì tan ọmọ. Gbèsè mítà tí a kò lúwẹ̀ẹ́ kò ṣeé san láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Mo ti rí kóòṣì tó dán an wò, tó fún àwọn ọmọ ní 6,000 lójúmọ́ kí wọ́n lè "bá àwọn yòókù," àwọn ọmọ náà kò sì lè gbé apá lọ́jọ́ ìdíje. Bí ọmọ WAEC kò bá ti wọ omi tó, a ó jọ sọ òótọ́ fúnra wa: kó fi mítà 200 sílẹ̀, kó di 50 mú, kó kọ́ bí a ti ń fò wọ omi láti orí bulọ́ọ̀kù ìbẹ̀rẹ̀ eré àti bí a ti ń yí lára ògiri. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ṣeé tún ṣe láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Bàbá kan bi mí kí n tó dìde: bí a bá dín in kù, tí ọmọ kò sì yára sí i ńkọ́? Bàbá, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Nígbà mìíràn èmi ni mo dín in jù, nígbà mìíràn n kò dín in tó. Mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní orúkọ ọmọ náà, torí pé ara ọmọ kan kò rí bí ti èkejì, ìdíje tó tẹ̀lé e la fi ń tún un ṣe. Àwọn kan wà tí mo ní láti bá lọ sí ìdíje mẹ́ta kí n tó mọ iye ọjọ́ tó bá wọn lára mu.

Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn yẹn ní kí ni òun máa ṣe bí apá òun bá ṣì wúwo ní òwúrọ̀ ìdíje. Wọ omi, ọmọ mi. Ṣe mítà 400 jẹ́jẹ́, kí ara gbóná, lẹ́yìn náà ṣe 25 mẹ́ta kíákíá, kí o jáde kí o wọ ẹ̀wù tó nípọn. Má fi bí ara ṣe ń ṣe ọ́ nígbà yẹn díwọ̀n eré rẹ. Mo ti rí ọmọ tó bú sẹ́kún lẹ́yìn ìmúra, pé ara òun ti kú, tó sì lúwẹ̀ẹ́ mítà 100 ju bó ti lúwẹ̀ẹ́ ẹ̀ rí lọ ní wákàtí kan lẹ́yìn ìyẹn.

Lọ́la, aago márùn-ún ààbọ̀. Mítà 2,200 ni, 25 mẹ́fà wà nínú rẹ̀ tó máa jẹ́ eré gidi. Aago mẹ́fà ààbọ̀, gbogbo yín á ti wà nínú ọkọ̀, ẹ̀yin òbí ẹ má pẹ́ wá gbé wọn. Ẹ gbé ìwé yín lọ́wọ́ wá.